Alága Tí Ó Fi Àtàǹpàkò Pa Manigri Lẹ́nu Mọ́

Ọlọ́run Ọba tó fún ènìyàn ní etí méjì àti ẹnu kan mọ ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà láyé tí ètò yìí kò tẹ́ lọ́rùn. Wọ́n fẹ́ kí ẹnu tiwọn pọ̀ bí ojú ajere, kí etí sì jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Bí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ pè é wá, kí ó jókòó, kí ó gbọ́ ti Alájì Idrissou ará Manigri. Èyí kì í ṣe èébú o. Àgbà la pè é, àgbà náà la ó máa pè é títí ìtàn yóò fi parí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan wà láàárín tí yóò ṣòro díẹ̀.

Àwọn ọmọ Manigri tó wà lẹ́yìn odi ló ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè fún ọjà ìlú wọn. Wọ́n so ó mọ́ orí òpó káàkiri. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kéde pé ewúrẹ́ lágbájá sọnù, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ti dé, pé ẹnì kan jáde láyé, a ó sin ín lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bí kò bá sí ìkéde, orin díẹ̀ á máa lọ, kí ọjà má baà dá. Wọ́n wá ẹni tí yóò jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó o. Àwọn àgbà wojú ara wọn, nítorí iṣẹ́ náà kò ju kí ènìyàn máa lé alángbá kúrò nídìí wáyà. Alájì Idrissou nìkan ló nawọ́. Bí ó ti nawọ́ tán, kò ká a kò mọ́.

Kò pẹ́ tí ó fi sọ pé òun kì í ṣe alága mọ́, Pẹ́résídán ni òun. Ó gba yàrá kótópó kan lẹ́bàá ọjà, ó pè é ní bírò. Ó ní kí wọ́n kọ oyè òun sí ẹnu ilẹ̀kùn: "Pẹ́résídán Ìgbìmọ̀ Ohùn Ìlú, Olùdarí Gbogbo Ariwo, Ẹni Tí Afẹ́fẹ́ Ń Bá Gbé Ọ̀rọ̀ Rẹ̀." Ilẹ̀kùn náà kéré. Oyè dé ara ògiri, ó yí igun ilé, "Ọ̀rọ̀ Rẹ̀" wá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn ewúrẹ́ ń sùn sí.

Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tó ti Parakou wá ni nǹkan ti yí padà.

"Alájì," oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà wí, "inú kọ̀ǹpútà tó wà ní bírò yìí ni orin wà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní láti dúró tì í. Ẹ ṣí aṣàwákiri lórí fóònù yín, ohun tí ẹ fi ń wo ayélujára yìí. Ẹ lọ sí ojú ìwé tí mo ṣe yìí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ àṣírí yín sí i. Ó ti ṣí. Bí ẹ bá tẹ àmì onígun mẹ́ta yìí, orin á bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ọ̀pá méjì tó dúró ti ara wọn yìí, orin á dákẹ́. Ilà gbọọrọ yìí, òun lẹ ó fà bí ẹ bá fẹ́ kí ó lọ sókè."

"Bí mo bá wà ní Bassila ńkọ́?"

"Bí ẹ bá wà ní Mẹ́kà pàápàá, bí ayélujára bá ti wà níbẹ̀."

Alájì Idrissou tẹ onígun mẹ́ta. Gbogbo ọjà Manigri kún fún orin. Ó tẹ ọ̀pá méjì. Gbogbo ọjà dákẹ́. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ fún. Ọdún mélòó ni ó ti fi àtàǹpàkò yìí mú òkèlè, tí kò mọ ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ sínú rẹ̀?

Razak, igbákejì rẹ̀, wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kò ní iṣẹ́ méjì ju ìyìn lọ. "Pẹ́résídán," ó ní, "orin yẹn dára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e. Mo ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rí láyé mi. Mi ò gbọ́ irú tiyín rí."

Láti ọjọ́ náà ni Razak ti ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó bá dákẹ́.

Pẹ́résídán lọ bá olórin kan ní Bassila, Yáyà lorúkọ rẹ̀, ó ní kí ó kọ orin tí yóò máa ṣáájú òun. Yáyà kọ ọ́ báyìí:

"Idrissou dé, ẹ yà lọ́nà,
Erin dé, ẹ yà lọ́nà,
Ẹni tó rí i tí kò dìde,
Orúnkún rẹ̀ ló ń dùn ún."

Bí Pẹ́résídán bá ti ń ti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ jáde láàárọ̀, á tẹ onígun mẹ́ta. Orin náà á máa lọ, òun náà á máa rìn, ẹsẹ̀ kan fún ìlù kan. Bí ó bá pàdé ẹni tó ń kí i, kò lè dáhùn, nítorí bí ó bá dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣìnà kúrò nínú orin. Bí orin bá parí kí ó tó dé bírò, á dúró gbọnin sábẹ́ igi máńgòrò, á tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó gbẹ́sẹ̀. Òfin sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ máa lu irin bí orin bá ṣe ń lọ. Ó ní kí àwọn tó ń gúnyán gbé ọmọ odó sókè títí ègbè yóò fi dé. Ní ti àdúrà, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un, ó máa ń dá orin dúró. Ṣùgbọ́n kí ládàánì tó pe ìrun, Pẹ́résídán á kọ́kọ́ kéde pé, "Pẹ̀lú àṣẹ mi, ẹ lè gbọ́ ìpè Ọlọ́run báyìí." Ládàánì ní ohun tó ń dẹ́rù ba òun ni pé ọjọ́ kan lè wà tí kò ní fọwọ́ sí i.

Níbi ìpàdé ìlú ni ó ti mọ ohun mìíràn tí ojú ìwé náà lè ṣe. Bàbá Mamadou dìde láti sọ̀rọ̀, àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn bí ọ̀nà Doguè.

"Ẹ̀yin ará," Bàbá Mamadou bẹ̀rẹ̀, "ariwo yìí ti pọ̀ jù. Bí oòrùn bá mú, ó yẹ kí àgbà lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Adìyẹ mi tó ń sàba ti fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá bá mi—"

Orin sọ lókè orí wọn. "Idrissou dé, ẹ yà lọ́nà." Ẹnu Bàbá Mamadou ń ṣí, ó ń pa dé, bí ẹnu ẹja nínú igbá, a kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Pẹ́résídán tẹ ọ̀pá méjì.

"Bàbá," ó ní, "a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ó sì wọ̀ wá lára."

Razak pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ẹ wo ọkàn ènìyàn. Ẹni tí wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu láti kékeré, ó wá rí ohun tí yóò fi di gbogbo ẹnu lójú kan. Ó dùn mọ́ ọn ju àádùn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé wáyà ti já, orin. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi wá sípàdé, orin. Ilé rẹ̀ nìkan ni agbára náà kò dé. Ní ọjọ́ kan tí ó ń jẹun, Húsnà ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Hafsatou, ata ti tán o." Láìmọ̀, ó fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀nà jíjìn réré lọ́jà, orin bẹ̀rẹ̀.

Húsnà dúró, ó fetí sílẹ̀. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ó ní. "Ata ṣì tán."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kúrò ní ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kajú. Ilẹ̀ títẹ́ kan wà létí ọ̀nà ńlá, ilẹ̀ tó le, tí oòrùn máa ń mú dáadáa. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń sá kajú láti ayé àwọn ìyá wọn. Kajú tí kò bá gbẹ á bu, èyí tó bá sì bu, kò sẹ́ni tó ń fojú wò ó. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ló ṣòfò yẹn. Pẹ́résídán ní ilẹ̀ náà wu òun. Òun fẹ́ kọ́ Gbọ̀ngàn Ohùn síbẹ̀, ère òun á sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kí àwọn tó ń kọjá lọ sí Bassila lè máa rí i.

"Kí àtàǹpàkò ère náà tóbi ju orí rẹ̀ lọ," Razak gbà á nímọ̀ràn. "Nítorí òun ló ń ṣiṣẹ́."

Pẹ́résídán ronú sí i, ó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni.

Àsùmáù, olórí àwọn obìnrin tó ń sá kajú, wá bá a ní bírò. Opó ni, ọmọ mẹ́rin ló ń tọ́, ẹ̀mí kan náà ni òun àti ilẹ̀ yìí, nítorí ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ro ó. Ó kúnlẹ̀ kí Pẹ́résídán.

"Alájì, wọ́n ní ẹ fẹ́ gba ilẹ̀ wa. Mo ní kí n wá gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Àwọn òpó ẹ̀rọ yìí, a kò kọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ríbi sá kajú, kí ni a ó fi tọ́ àwọn—"

Orin.

Àsùmáù kò jà. Ó wà lórí eékún rẹ̀, ó ń wò ó lójú, títí orin fi parí. Ó tún la ẹnu. Pẹ́résídán tún tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku nù lára ìró rẹ̀, ó lọ.

"Ó gbà," Pẹ́résídán wí.

"Tayọ̀tayọ̀," Razak fi kún un.

Ó ku kí àwọn tó ń bójú tó irú ìgbìmọ̀ báyìí láti Bassila fọwọ́ sí i. Olórí wọn ni Màdámù Rabiatou, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Pẹ́résídán wọ agbádá tó le bí pákó, ó gun alùpùpù lọ bá a.

"Màdámù," ó ní, "Bassila la wà yìí. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó lórí àga yín yìí, Manigri wà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ wò ó." Ó ṣí aṣàwákiri, ó tẹ onígun mẹ́ta, ó wá pe Razak, ó gbé fóònù síta kí gbogbo ènìyàn gbọ́. "Razak, ó ń dún?"

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ nítorí Ọlọ́run. Iná ti lọ ní Manigri láti àárọ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà ní bírò ní iná tirẹ̀ nínú, ó ń kọrin fún ògiri. Àwọn agbóhùnsókè dákẹ́ bí òkúta. Orí ẹní ni Razak wà nílé rẹ̀.

"Ó ń dún kíkankíkan, Pẹ́résídán," Razak dáhùn, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà. "Àwọn ènìyàn ti ń jó."

"Ó pọ̀ tó?"

Ìyìn kò lè sọ láé pé ó tó. "Ẹ lè fi díẹ̀ kún un."

Pẹ́résídán fa ilà gbọọrọ náà títí ó fi dé òpin. Ó ní kí orin náà máa yípo, bí ó bá parí kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Màdámù Rabiatou ní, "Ó dára. Màá wá fi etí ara mi gbọ́ ọ, màá sì wo ilẹ̀ náà." Inú Pẹ́résídán dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yà lọ jẹ iyán nílé ọ̀rẹ́ kan. Fóònù rẹ̀ kú sínú àpò, kò mọ̀.

Ní Manigri, wọ́n pé jọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ tí ìyá Àsùmáù jáde láyé, arúgbó tó ro ilẹ̀ kajú náà. Bàbá Lèmọ́mù ti gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn jókòó, wọ́n tẹrí ba. Ibẹ̀ ni iná dé.

Orin náà dé bí ààrá. "Ẹni tó rí i tí kò dìde, orúnkún rẹ̀ ló ń dùn ún." Bàbá Mamadou ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi dìde kí òun tó ronú. Ó tún rọra jókòó. Wọ́n dúró kí orin parí, ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bírò wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà ní Bassila nínú agbádá. Ọkùnrin kan fẹ́ gun òpó lọ já wáyà, Bàbá Lèmọ́mù ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, nítorí iná kò mọ olódodo. Wọ́n kó ẹní, wọ́n gbé àdúà lọ sí ìpẹ̀kun ìlú, orin sì ń tẹ̀ lé wọn.

Àsùmáù fi ìborùn bo ojú rẹ̀. Ìyá Marwa, tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin, ló gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti ẹnu," Ìyá Marwa wí. "Ó ti di ti orin."

Ẹni tó bá jẹ́ ará ibẹ̀ mọ ohun tí ó wí. Bí ọkùnrin bá kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, wọn kì í bá a jà. Wọn á kó ara wọn jọ, wọn á fi ohun tó ṣe kọrin lójú rẹ̀. Ọkùnrin kan kò gbọdọ̀ dá wọn dúró títí yóò fi rẹ̀ wọ́n, nítorí ẹni tó bá dá wọn dúró, ìyá tó bí i ló pa lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí Pẹ́résídán padà dé, kò sẹ́ni tó kí i. Àwọn ènìyàn ń kọ ẹ̀yìn sí i.

"Kí ló ṣe wọ́n?" ó bi Razak.

"Ìbẹ̀rù yín ni. Wọn kò lè wo ojú yín."

Ó gbà á gbọ́.

Ọjọ́ tí Màdámù Rabiatou dé, gbogbo Manigri wà létí ilẹ̀ kajú. Wọ́n ti ri òpó agbóhùnsókè kan síbẹ̀ nítorí ọjọ́ náà. Pẹ́résídán wọlé pẹ̀lú orin rẹ̀, ẹsẹ̀ kan fún ìlù kan, ó tẹ ọ̀pá méjì, ó gbé àyà síwájú.

"Màdámù, ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin mẹ̀kúnnù, àti ẹ̀yin yòókù," ó ní. "Kí èmi tó dé, kí ni Manigri? Ìdákẹ́jẹ́ lásán. Àwọn ẹyẹ pàápàá kò mọ orin tí wọ́n ń kọ. Èmi ni mo fún afẹ́fẹ́ ìlú yìí níṣẹ́ ṣe. Lónìí, mo fẹ́ fún ilẹ̀ rẹ̀ náà níṣẹ́, nítorí ó ti wà lásán pẹ́."

"Ta ló ń lò ó báyìí?" Màdámù Rabiatou bi í.

"Kò sí," Pẹ́résídán dáhùn. Kóró kajú ń fọ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀.

Àsùmáù bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Màdámù. Àwa la ń lò ó. Ìyá mi ló—"

Orin.

Àsùmáù dìde, ó yíjú sí àwọn obìnrin. Ìyá Marwa gbé atẹ tó fi ń kó kajú sókè, ó fi ọwọ́ lù ú. Gbogbo wọn gbé atẹ. Wọn kò wá orin mìíràn. Kí ni wọ́n ń wá? Orin Yáyà yìí ni wọ́n ti fi ń jí, òun ni wọ́n fi ń gúnyán, àwọn ọmọ ọwọ́ mọ ìlù rẹ̀. Wọ́n bọ́ sínú rẹ̀ bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀:

"Idrissou dé, ẹ kó kajú,
Erin dé, ẹ kó kajú,
Ẹni à ń bá sọ̀rọ̀ tó ń tẹ fóònù,
Etí rẹ̀ ló ń dùn ún."

Pẹ́résídán fa ilà gbọọrọ, ó ní kí orin bò wọ́n. Bí orin ti ń ga sí i ni tiwọn ń dùn sí i, ìlù Yáyà ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

"Alájì," Màdámù Rabiatou bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé ẹ̀yin lẹ ń bá wọn lu ìlù ni?"

Ó yára tẹ ọ̀pá méjì. Ìlù dákẹ́. Ohùn àwọn obìnrin wá dúró gedegbe nínú afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ bí omi inú àmù: "Etí rẹ̀ ló ń dùn ún." Bàbá Lèmọ́mù pàápàá gbọ́ ọ níwájú mọ́ṣáláṣí. Ó tún tẹ onígun mẹ́ta, ìlù tún gbè wọ́n. Ó tẹ ọ̀pá, ọ̀rọ̀ wọn tún mọ́ kedere. Onígun mẹ́ta, ọ̀pá, onígun mẹ́ta, ọ̀pá. Òógùn bo fóònù. Ó na fóònù sí àwọn obìnrin fúnra wọn, ó ń tẹ̀ ẹ́ sí wọn lójú bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ìyá Marwa kọ orin sí fóònù náà lẹ́nu.

Razak, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ra, ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó bá dún, ó ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó bá dákẹ́. Láìpẹ́ ó ń jó.

"Razak," Pẹ́résídán ké sí i, "kí lò ń ṣe?"

"Pẹ́résídán, ó dùn," Razak wí. Ìyẹn ni òtítọ́ àkọ́kọ́ tí ó sọ fún un.

Nígbà tó rẹ àwọn obìnrin, wọ́n dákẹ́ fúnra wọn. Àsùmáù sọ ti ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sọ ti àdúà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí ohun tó bò ó. Màdámù Rabiatou gbọ́ tán, ó na ọwọ́ sí Pẹ́résídán.

"Ilẹ̀ àwọn obìnrin ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan síbẹ̀. Alájì, ẹ ṣeun iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, ẹ máa sinmi báyìí. Kí ni ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí ojú ìwé yẹn, kí a lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́?"

Alájì Idrissou wo ilẹ̀. Ó sọ nǹkan kan nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

"A kò gbọ́," Bàbá Mamadou wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ sọ ọ́ sókè, kí ó lè wọ̀ wá lára."

"Idrissou kò lẹ́gbẹ́."

"Ṣé papọ̀ ni ẹ kọ gbogbo rẹ̀?" Màdámù Rabiatou bi í, ó ń kọ ọ́ sínú fóònù tirẹ̀.

"Papọ̀ ni."

Agbóhùnsókè Manigri padà sídìí ewúrẹ́ tó sọnù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Alájì Idrissou jáde nílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbé. Nígbà tó dé etí ilẹ̀ kajú, Àsùmáù ń fi ọwọ́ tú kajú ká.

"Ẹ kú àárọ̀, Alájì. Ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá sí bírò yín lọ́jọ́sí, n kò tíì sọ ọ́ tán fún yín."

Ọwọ́ Alájì wọ àpò lọ. Kò bá fóònù níbẹ̀, ilé ló fi í sílẹ̀ sí. Ó dúró. Àsùmáù sì sọ̀rọ̀: bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣa òkúta kúrò ní ilẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń yí kajú kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má bu, irú kajú tó yẹ kí wọ́n kó kúrò bí òjò bá ṣú. Oòrùn ń gun òkè. Òógùn ń ti orí Alájì sọ̀ wá sí imú rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi, Alájì?"

"Mo gbọ́."

"Kí ni mo sọ?"

Alájì Idrissou tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ó ṣe lè sọ ọ́, láti orí òkúta dé orí òjò.

Àsùmáù mi orí. "Kì í ṣe bí mo ṣe wí i nìyẹn," ó ní, ó sì fa àpótí kan sún mọ́ ọn. "Ẹ jókòó, kí n tún un sọ fún yín."